Ẹ̀gbẹ́ Tèmi Lára Báṣé Alájì

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó síwájú mi. Ẹ sún sí ẹ̀bá ògiri lọ́hùn-ún. Báṣé yẹn ni mò ń wò. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó Sìdíkátù ni mo ti ń wò ó, ojú mi ò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ń dán lábẹ́ igi máńgòrò bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é! Bọ́ńpà tuntun níwájú, bọ́ńpà tuntun lẹ́yìn, òrùka tuntun yí iná méjèèjì ká, dígí tuntun, ọwọ́ ilẹ̀kùn tuntun, ìdérí tuntun láàárín gbogbo táyà. Èmi tí mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, kí ni wọ́n pààrọ̀ fún mi? Eyín mi tó ká, kò sẹ́ni tó fi fóònù ra òmíràn fún mi láti ìlú òyìnbó.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni, irin ni mò ń jowú. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹ wo èmi yìí, ẹran kún àyà, ẹran kún apá, mo sì ti ń jowú láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ìyàwó kékeré bá mi nínú ilé Alájì títí di òwúrọ̀ yìí. Ẹ̀yin ọmọ òde òní máa ń fi tiyín pamọ́, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ ó máa ní "sá va, sá va," pé dáadáa lẹ wà. Èmi ò mọ sá va. Bí nǹkan bá dùn mí, mo máa ń wí.

Kí ọkọ̀ yìí tó dé, orí la fi ń ru ẹrù. Abọ́ tánganran ni Alájì, bàbá yín àgbà, ń tà: abọ́ ńlá, abọ́ kékeré, ìkòkò, àtùpà, ẹní. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Lomé níbí ni wọ́n bí i sí, ó sì mọ gbogbo ọjà ẹ̀bá òkun títí dé Aného bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń kó lọ sílé, gbogbo Nukafu ló jáde wá wò ó. Àwọn ará Nàìjíríà tó bá wá kí wa máa ń pè é ní píkọ́ọ̀pù. Báṣé la mọ̀ ọ́n sí níbí. Iwájú rẹ̀ gba awakọ̀ àti ènìyàn méjì, bí wọn ò bá sanra. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí gbalaja, a sì máa ń ta tapólì bò ó bí òjò bá ṣú.

Ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Bọ́ńpà ẹ̀yìn ti ń mì láti ọwọ́ òyìnbó, a sì máa ń gbọ́ ọ láti orígun àdúgbò: gbàn-ín, gbàn-ín, gbàn-ín. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, n ó gbé omi ìwẹ̀ Alájì kaná. Kó tó pa ọkọ̀, omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nísinsìnyí, ọkọ̀ ń wọlé bí ológbò. Ọkọ yín á ti dé inú yàrá, ẹ ò ní mọ̀. Ẹ̀yin ìyàwó ilé yìí, báwo lẹ ṣe ń mọ ìgbà tí ẹ ó gbé ọbẹ̀ kaná? Ọ̀kan nínú yín ní fóònù ni! Ẹ gbọ́ o. Kí obìnrin máa bi ọkọ rẹ̀ léèrè nínú fóònù pé níbo lo wà. Àwa ò bi ẹnikẹ́ni. Bọ́ńpà ló ń sọ fún wa.

Ṣùgbọ́n Alájì gbé òfin kan kalẹ̀ nípa ọkọ̀ yẹn. Ó ní ẹni tó bá ní ọmọ ọmú lọ́wọ́ ni yóò máa jókòó níwájú, nítorí afẹ́fẹ́ òkun. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti ń rìn yóò gun ẹ̀yìn, yóò máa ṣọ́ ẹrù. Ọ̀rọ̀ náà dára létí, àbí? Ta ni yóò ní kí wọ́n gbé ọmọ jòjòló sínú afẹ́fẹ́? Àmọ́ Ràmátù, ọmọ mi kan ṣoṣo, tó wà ní Libreville báyìí, ti ń sáré kiri kí ọkọ̀ tó dé. Ọlọ́run ò sì fún mi ní òmíràn mọ́. Mo gbààwẹ̀, mo mu àgbo, mo lọ sílé ìwòsàn, ó dúró síbẹ̀.

Ọdún tí ọkọ̀ dé gan-an ni Alájì gbé ìyàwó kékeré wọlé, òun lẹ̀ ń pè ní Ìyá Ràṣídì. Kò pẹ́ tó bí Ràṣídì. Kí Ràṣídì tó já lẹ́nu ọmú, oyún mìíràn ti dúró. Bó ṣe ń sọ ọ̀kan kalẹ̀ ló ń pọn èkejì. Obìnrin yẹn ò bọ́ sílẹ̀ níwájú ọkọ̀ mọ́! Wọ́n ní pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Mo wo àjà títí ọrùn fi ń dùn mí, kò sẹ́ni tó mú pàṣán sọ̀ kalẹ̀. Alájì ò fẹ́ ẹlẹ́kẹta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bímọ, ẹ má bínú sí mi. Dígí kékeré kan wà lẹ́yìn orí awakọ̀, ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn. Láti orí ẹrù tí mo wà, gèlè rẹ̀ ni mo máa ń rí nínú dígí náà, àti orí ọmọ lórí èjìká rẹ̀. Kì í ṣe ìjókòó nìkan ni mò ń wò. Orí ọmọ yẹn ni mò ń wò.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Iléyá fún yín. Láyé ìgbà yẹn, bí Iléyá bá ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, Alájì á ní òun fẹ́ wọṣọ fún ọkọ̀ òun. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ àtijọ́ palẹ̀ lọ́nà èbúté, á máa fọwọ́ wá kiri láàárín irin: òrùka iná kan níbí, ọwọ́ ilẹ̀kùn kan lọ́hùn-ún, irin tẹ́ẹ́rẹ́ dídán tó máa ń gba ara ilẹ̀kùn kọjá. Àwa ìyàwó ò tíì mọ aṣọ tí a ó wọ̀ lọ́dún, ọkọ̀ ti mọ tirẹ̀! Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Alájì, èwo nínú àwa àti ọkọ̀ yìí lẹ san owó orí rẹ̀?" Ó ní, "Èyí tí kì í bi mí ní ìbéèrè." Ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn o.

Nígbà tó bá tú gbogbo ọ̀ṣọ́ ara ọkọ̀ tán, á tò ó sórí ẹní láàárín àgbàlá. Iṣẹ́ kàn wá nìyẹn. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lára ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí Alájì ń gbà wọlé, tèmi ni, nítorí èmi ni ìyáálé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, níbi tí Ìyá Ràṣídì ń gbà wọlé, tirẹ̀ ni. A ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú pa irin náà, a ó fi àkísà gbígbẹ nù ún, á máa ké fín-ín, fín-ín, títí wàá fi rí ojú ara rẹ nínú rẹ̀. Ọwọ́ wa á máa ta wá nítorí omi ọsàn. Kò sẹ́ni tó ń bá èkejì sọ̀rọ̀. A kàn ń gbọ́ àkísà ara wa ni. Bí tirẹ̀ bá ké kíkankíkan, tèmi náà á ké jù ú lọ. Ẹ̀yin ń wo tẹlifíṣọ̀n, ẹ ní ẹ ń wo ìjà. Ìjà wo lẹ tíì rí?

Lọ́dún kan, irin ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ti dípẹtà kọjá ohun tí ọsàn lè ṣe. Alájì ò rí òmíràn rà. Mo rí i, inú mi dùn, n ò ní parọ́. Mo ní lónìí ni gbogbo ayé yóò rí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Àṣé ìyàwó mi ti lọ ra ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà, ó fi kun irin rẹ̀ lálẹ́ tí Iléyá ku ọ̀la. Kí ni ó mọ̀ nípa ọ̀dà? Ìrì sẹ̀ sí i mọ́jú, kò gbẹ. Ní òwúrọ̀ Iléyá, Alájì jáde nínú agbádá funfun báláú, ó lọ yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò, ó fara ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Yéè! Nígbà tó yí padà, ìlà fàdákà kan ti gba ẹ̀yìn agbádá kọjá láti apá kan dé èkejì.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo ní ó tó, lónìí ni yóò gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkùnrin yẹn wo agbádá, ó wo ọkọ̀, ó wo ìyàwó tó ti ń gbọ̀n, ló bá bú sẹ́rìn-ín! Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, èmi náà ti di ọkọ̀." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ̀ ọ́ lọ sí yídì, láàárín gbogbo Mùsùlùmí Lomé. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ṣe é ńkọ́? Ẹ dá mi lóhùn. Tó bá jẹ́ èmi ni, Iléyá ò ní dùn nílé yìí. Ẹ̀gbẹ́ tèmi dán lọ́dún yẹn bíi dígí, kò sẹ́ni tó wò ó. Ìlà ẹ̀yìn agbádá ni wọ́n ń sọ títí di Iléyá tó tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ jẹ́ n sọ ti ẹ̀yìn ọkọ̀. A ó tẹ́ ẹní sórí àwọn abọ́, àwa obìnrin tí a jọ ń lọ sọ́jà á jókòó lé e. Abọ́ á máa dún lábẹ́ ìdí wa bí ọkọ̀ bá bọ́ sínú kòtò. Nígbà náà, títì ò dára báyìí, yanrìn ló pọ̀. Bí a bá dé Baguida, òórùn ẹja yíyan á gbá wa nímú, àwọn obìnrin ẹlẹ́ja á sáré tẹ̀ lé wa, a ó máa ná an láti òkè nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń rìn. Ọ̀kan ju ẹja sókè fún mi lọ́jọ́ kan, ẹja bọ́ sáàárín àwọn àtùpà, a wá a títí a ò rí i. Ìgbà tí ó di ọjọ́ kẹta ni òórùn fúnra rẹ̀ sọ ibi tó wà fún wa. A ó jẹ gbàgúdà sísun, a ó bú ọkọ wa, a ó kọrin. Bí òjò bá dé, gbogbo wa á wọ abẹ́ tapólì bí òròmọdìẹ. Mo ń sọ ọ́ fún yín báyìí, ẹ̀ ń rí i bí ohun tó dùn. Lójú mi nígbà yẹn, ìyà ni. Iwájú ni mò ń wò.

Alájì kú. Kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ. Ìyá Ràṣídì bá ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé tó kọ́ sí Baguida, èmi dúró ní Nukafu, ọkọ̀ dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Adìyẹ ń yé sí iwájú rẹ̀, níbi tí mo ti fẹ́ jókòó sí. Ẹ ò ráyé bí? Adìyẹ dé ibi tí èmi ò dé.

Ìgbà tí Sìdíkátù, ọmọ Ràṣídì, fẹ́ lọ sílé ọkọ ní Kpogan, ó ní òun ò wọ ọkọ̀ tí wọ́n ń fi òdòdó ṣe lẹ́ṣọ̀ọ́. Báṣé bàbá bàbá òun ni òun ó wọ̀. Inú Ràṣídì dùn. Ó mú ẹni tó tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe wá, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Lẹ́yìn náà ló ní ara rẹ̀ ni yóò wọṣọ tuntun. Páálí ńlá kan tó fi fóònù rà dé láti òkè òkun. Wọ́n pe Fò Kòmlá wá, Ẹ̀gbọ́n Kòmlá ni ìyẹn, ọmọ Ewe tó ń ṣe ara ọkọ̀ ní Tokoin. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ nítorí ọjà, a sì mọwọ́ ara wa.

Ara mi ò balẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gbé àpótí mi sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Bó ṣe tú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, mo ní, "Rọra o, Fò Kòmlá, Alájì ló fọwọ́ ara rẹ̀ dì í." Ó ní, "Màmá, àkpé, ẹ ṣé, mo gbọ́." Ìpẹtà dà sílẹ̀ bí ata lílọ̀. Ó fa bọ́ńpà ẹ̀yìn yọ, bọ́ńpà tó ń pè mí láti orígun, ó jù ú sílẹ̀, ó dún gbàn-ín lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo ní kó gbé tuntun fún mi wò. Ẹ gbà mí! Ó fúyẹ́ bí igbá. Òrùka iná, rọ́bà ni, wọ́n kàn fi àwọ̀ irin bò ó. Kò ní nọ́ọ̀tì, wọ́n á kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, á dún kì, ó parí. Mo bi í bóyá wọ́n ń fi ọsàn pa á. Ó ní, "Ó tì o, Màmá, omi lásán." Omi lásán! Gbogbo ọwọ́ mi tó bó nígbà yẹn ńkọ́?

Kò pẹ́ mo gbọ́ zẹ́mì lẹ́nu ọ̀nà, alùpùpù tí ẹ̀yin gbogbo ń gùn. Ta ló bọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀? Ìyá Ràṣídì, láti Baguida, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Ó kí mi, "Ìyáálé mi, ẹ kú ilé." Mo ní, "Kí ló gbé ọ wá?" Ó ní òun wá wo iṣẹ́. Kò wo iṣẹ́ kankan. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló lọ tààrà, ó gbé àpótí síbẹ̀, ó jókòó. Ojú wa ò pàdé, ọkọ̀ ló wà láàárín wa, bí ti ìgbà èwe.

Ibẹ̀ la wà tí Fò Kòmlá fi yẹ páálí wò, ó sì pariwo. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ara ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ránṣẹ́, ọ̀kan ti ṣẹ́ sí méjì lójú ọ̀nà. Ẹyọ kan ló kù, ó sì lè bá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mu. Òmíràn ò lè dé kí ìgbéyàwó tó kọjá. Ó ní, "Àwọn màmá, ẹ̀gbẹ́ wo ni kí n fi sí?"

"Ẹ̀gbẹ́ òsì," ni mo wí.

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún," ni òun náà wí, nígbà kan náà.

Mo ní, "Ìyá Ràṣídì, èmi ni ìyáálé."

Ó ní, "Ẹ̀yin ni, Ìyáálé mi, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ìyàwó yóò gbà bọ́ sílẹ̀ lójú àwọn àna wa. Ṣé irin tó dípẹtà ni kí wọ́n rí?"

Ọ̀rọ̀ tó sọ dára, ohun tó bí mi nínú nìyẹn. Ràṣídì ti ilé ìdáná jáde, ó rí wa, ó fẹ́ padà wọlé. Mo pè é. Mo ní, "Má sá. Lọ́jọ́ náà, ìwọ lò ń wakọ̀. Ìyàwó yóò jókòó sáàárín. Ta ni yóò jókòó tì í níwájú, ìyá rẹ àbí èmi?" Ó wolẹ̀. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ara yín sọ ọ́." Èmi ti mọ ohun tí wọ́n ti sọ ní Baguida. Ìyá bàbá ìyàwó ni òun. Èmi, ta ni mí? Ìyáálé tí kò bí bàbá ìyàwó. Mo ti rí ara mi lẹ́yìn ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, arúgbó, tí ń ṣọ́ ẹrù. Mo ní kí n tó kú, n ó jókòó níbẹ̀.

Mo ní, "Ìyá Ràṣídì, gba irin tuntun. Fún mi ní iwájú."

Mo rò pé yóò jà. Mo ti múra. Ó wò mí láti òdì kejì ọkọ̀, ó ní, "Mo gbà." Bẹ́ẹ̀ ni. Kò tilẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní, "Fò Kòmlá, fi sí ọ̀tún kíákíá kí Ìyáálé mi tó yí ọ̀rọ̀ padà." Ẹ̀rín yẹn ò bá mi lára mu. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n n ò rí èje, n ò rí ẹ̀fà.

Wọ́n fi irin Alájì sílẹ̀ lára ẹ̀gbẹ́ tèmi. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo ra ọsàn wẹ́wẹ́, mo bu eérú nílé ìdáná, mo pa á fúnra mi, díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ ìgbéyàwó fi pé. Ọwọ́ mi ò lágbára mọ́, àkísà ò ké bíi ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ lọ síbẹ̀, ẹ fi wé ti ọ̀tún, ẹ wá sọ èyí tó jẹ́ irin fún mi.

Ọjọ́ pé. Wọ́n gbé mi wọ iwájú, mo kún un. Sìdíkátù kéré láàárín èmi àti bàbá rẹ̀ bí ẹ̀pà nínú èèpo. Mo tún gèlè mi ṣe. Mo fi ọwọ́ lé ojú fèrèsé bí orogún mi ṣe máa ń ṣe é. Ìyá Ràṣídì ńkọ́? Wọ́n ti gbé àga sí ẹ̀yìn ọkọ̀ fún un, ó ní òun ò fẹ́ àga, ẹní ni òun fẹ́. Ó jókòó sórí ẹní láàárín ẹ̀yin ọmọge, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀. Mo rí i nínú dígí tuntun. Inú mi dùn. Mo ní, ẹ ò rí i, a ti pààrọ̀.

Bí a ṣe kúrò ní Nukafu, ooru ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi lẹ́sẹ̀. Sípíríǹgì kan gún mi nídìí, mo sún, ó tẹ̀ lé mi. Títì ni Ràṣídì ń wò, bí bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Sìdíkátù ń sunkún ìyàwó lábẹ́ ìbòjú. A kọjá èbúté, a dé Baguida, àwọn ènìyàn ń juwọ́. Mo ń jẹ àǹfààní mi, mo ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ooru.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn. Ẹ̀yin ni. Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹni pé wọ́n ń rìn yín ní gìgísẹ̀. Mo yí ọrùn, mi ò rí nǹkan kan, gèlè mi dí dígí. Ẹ tún rẹ́rìn-ín. Ìyá Ràṣídì wá gbé orin:

*Oníwájú, rọra o,
ìjókòó kì í ṣogún ìyá rẹ;
oníwájú, rọra o,
bọ́mọ bá já lẹ́nu ọmú,
ìyá á bọ́ sẹ́yìn o.*

Ẹ̀yin gbè é. Ẹ ò mọ orin tí ẹ ń gbè. Èmi ni mo dá a! Lórí àwọn abọ́ lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn ni mo ti dá a láti fi bú u, bí orogún ṣe máa ń fi orin bú orogún láyé ìgbà yẹn, ilé wo ni wọn kì í ti í ṣe é? Mo rò pé ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kó gbọ́. Ó gbọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí dé ibi tí mo ti ń fa ohùn gùn níparí. Èmi ló wá kù níwájú tí wọ́n ń fi orin náà bú báyìí, ibi tí wọ́n sì ti ń bú mi ni ìgbádùn wà.

Mo ní kí Ràṣídì dá ọkọ̀ dúró. Ẹ rò pé àárẹ̀ ló mú mi. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ní, "Ẹ gbé mi sẹ́yìn."

Ìyá Ràṣídì bojú wò mí láti òkè. Ó ní, "Kò sáyè, Ìyáálé mi. Mo gba irin, ẹ gba iwájú. Láti ìgbà tí mo ti ń tọ́ Ràṣídì ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín yín níbí, tí mò ń wá bí n ó ṣe gun ẹ̀yìn. Ẹ padà sí ìjókòó yín." Gbogbo yín pariwo, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Mo bú u, ó bú mi. Ohun tí ẹ rí nìyẹn, tí ẹ wá ń sọ káàkiri Nukafu.

Mo padà síwájú. Ràṣídì ṣíná sí ọkọ̀. Mo ní, "Ràṣídì, ìgbà wo ni ìyá rẹ mọ orin yẹn?"

Ó ní, "Èyí tó ń kọ yìí? Háà, Màmá àgbà, òun ló fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún. Gbogbo wa pátá. Bí a bá ti ń ké nínú ọkọ̀, á ní ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́ bí ìyá yín àgbà ṣe ń kọrin lẹ́yìn. A ò mọ̀ pé èébú ni. A máa ń sùn sí i."

A ti ń sún mọ́ Kpogan, òkun ń dún lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn, ó tún gbé e. Mo yí dígí fèrèsé wálẹ̀, mo yọ orí síta pẹ̀lú gèlè àti gbogbo rẹ̀, mo sì bá wọn gbè é. Ohùn rẹ̀ dùn ju tèmi lọ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo jowú ìyẹn náà.